Ipò Àwọn Ẹ̀ka-Èdè Okun Nínú Igi Ìdílé Èdè Yorùbá

Àwọn kan a máa sọ pé Owé tí à ń sọ ní Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ jẹ́ Yorùbá Ọ̀yọ́ tí ó ti bàjẹ́. A fẹ́ fi hàn pé èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Igi ìdílé, èyíinì ni àwòrán bí èdè ṣe pínyà láti ara ìyá kan, ni ẹlẹ́rìí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà yà á ṣe pàtàkì.

Ọ̀nà kìíní ni kíka ọ̀rọ̀. Ní 1955, Swadesh to 100 ọ̀rọ̀ jọ, irú bí ojú, omi àti iná. Ó ní èdè a máa pa nǹkan bí 86 mọ́ nínú wọn láàárín 1,000 ọdún. Ní 1962, Bergsland àti Vogt fi hàn pé èdè gbogbo kì í yí padà bákan náà. Lára ọ̀nà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń lò, UPGMA (1958) ṣì gbà pé ìyípadà dọ́gba. Neighbor-joining (1987) kò gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó lè fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ àyálò mọ̀. Ilẹ̀ Okun sì wà lábẹ́ Nupe títí di 1897. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì mú Yorùbá àjùmọ̀lò wọlé. Ọ̀rọ̀ tí a kọ́ ní ilé-ìwé lè mú kí Owé dà bí ọmọ Ọ̀yọ́.

Ọ̀nà kejì ni wíwo àwọn ìyípadà ìró tí ẹ̀ka-èdè jùmọ̀ ní. Oǹdó ń pe owó ní eghó. Ìró àtijọ́ ni gh yìí; Ọ̀yọ́ gan-an ni ó sọ ọ́ di w. Nítorí náà, ẹ̀ka-èdè tí ó yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ di èyí tí ó bàjẹ́. Ní 1976, Akínkúgbé fi hàn pé Ígálà ni ó kọ́kọ́ yà, tí Yorùbá àti Ìṣẹ̀kìrì sì wà pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò pè kì í sí níbi ìkawọ́. Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni Adétùgbọ́ gbájú mọ́ ní 1967. Ìhà Àríwá ni Kàbà wà nígbà náà. Oyèláràn (1978) àti Awóbùlúyì (1998) ni wọ́n ya Àríwá-Ìlà-Oòrùn sọ́tọ̀ fún Okun.

Ọmọ ìyá Ọ̀yọ́ ni Okun, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ gba ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí wọ́n tó lọ. Bí àyálò ni a bá kó fún kọ̀ǹpútà, igi tí yóò yà fún wa kò ní jẹ́ ti ìdílé.