Ẹni Tó Sé Omi Ni Yóò Dáhùn Fún Un

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí a dá dúró yàtọ̀ sí omi tó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́. Ní Kúta, ìlú Òwu tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédìrẹ nítòsí Ìwó, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú àgbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀ẹ̀rùn a máa gbẹ odò kékeré, òjò a sì tún kún un. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ lẹ́bàá irú odò bẹ́ẹ̀ lè fi amọ̀ dí i, kí ó lè bomi rin oko rẹ̀, tàbí kí ó sin ẹja. Ohun rere ni. Ìbéèrè tí a kì í sábà bi onílẹ̀ ni pé: bí amọ̀ náà bá já, ta ni omi yóò gbé lọ?

Odò sísé kì í ṣe àjèjì lágbègbè náà. Ní 1957 ni wọ́n sé odò Aiba láti fún Ìwó ní omi mímu. Ṣùgbọ́n ti ìjọba nìyẹn. Ìsédò aládàáni kò ní ọ́fíìsì. Bí onílẹ̀ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣòro kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà méjì ni ògiri amọ̀ sábà máa ń gbà bàjẹ́. Èkíní ni pé kí omi ga ju ògiri lọ, kí ó máa ṣàn lórí rẹ̀. Amọ̀ kò lè fara da omi tó ń sáré, kì í pẹ́ tí yóò fi wó. Ìdí nìyí tí ìsédò fi gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà fífẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí omi àpọ̀jù yóò máa gbà jáde láìfọwọ́ kan ògiri. Èkejì ni pé kí omi máa jò gba inú ògiri. Gbòǹgbò igi tó ti kú, ihò òkété, ihò akàn àti ilé ikán ni omi máa ń tọ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Omi tó ń jò tó sì mọ́ kedere yẹ ní ṣíṣọ́. Èyí tó bá ti di ẹrẹ̀ ti ń kó amọ̀ inú ògiri jáde nìyẹn.

Ìtàn ìsédò South Fork ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀nà èkíní hàn wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1853. Nígbà tí wọn kò nílò rẹ̀ mọ́, wọ́n tà á. Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á yọ àwọn páìpù irin tí a fi ń fa omi rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ àwọn olówó kan rà á fún fàájì àti ẹja pípa. Wọ́n gé orí ògiri náà wálẹ̀ díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n fi àwọ̀n irin sí ọ̀nà omi àpọ̀jù kí ẹja wọn má baà sá lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtírí dí àwọ̀n náà, omi gun orí ògiri, ògiri sì já. Ènìyàn 2,209 ló kú ní Johnstown àti ní àwọn ìletò tó wà lójú ọ̀nà omi náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, ẹ kíyè sí àwọ̀n yẹn.

Kò yẹ kí a sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 2018, ìsédò alámọ̀ tó jẹ́ ti oko ńlá aládàáni kan já lálẹ́ ní Solai, ní Kẹ́ńyà. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Nítòsí wa, òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011 mú kí adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, tí a ti sé láti 1942, kún àkúnya. Ènìyàn tó lé ní 100 ni ìkún omi ọjọ́ náà pa káàkiri ìlú. Àtúnṣe Ẹlẹ́yẹlé wọ inú ètò tí Báǹkì Àgbáyé yá ìjọba lówó fún ní 2014. Ta ni yóò yá onílẹ̀ aládàáni lówó?

Òfin ti dáhùn ìbéèrè wa tipẹ́. Ní 1860, Rylands, tó ní ilé iṣẹ́ kan ní Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba àwọn oníṣẹ́ láti ṣe adágún omi. Omi náà já sínú àwọn kòtò ìwakùsà àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ya wọ ibi tí Fletcher, aládùúgbò rẹ̀, ti ń wa èédú. Rylands kò mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní 1868, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó bá kó ohun tó lè ṣe ìjàǹbá jọ sórí ilẹ̀ rẹ̀ ni yóò san ohun tó bá bàjẹ́ nígbà tó bá já. Ìlànà yìí wọ òfin tiwa náà: ní 1975, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà lò ó nínú ẹjọ́ Umudje àti Shell-BP, lórí ìdọ̀tí epo tó ṣàn kúrò níbi tí wọ́n kó o jọ sí.

Nítorí náà, "ilẹ̀ mi ni" kì í ṣe ìdáhùn. Kí onílẹ̀ rin orí ògiri rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tún rìn ín lẹ́yìn òjò ńlá. Kí ó dí ihò, kí ó hú igi nígbà tó ṣì kéré, kí ó jẹ́ kí koríko bo ògiri, kí ó má sì fi ohunkóhun dí ọ̀nà omi àpọ̀jù. Kí ó sọ fún baálẹ̀ àti àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò pé òun sé omi. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti mọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àjọ tó ń bójú tó agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ka àwọn ìsédò wọ̀nyí, kékeré àti ńlá, nítorí ohun tí a kò kà, a kò lè ṣọ́ ọ. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó sì sé omi sókè, kí ó rántí ẹni tó sùn sísàlẹ̀.