Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó wá ibi tẹ́ ẹ máa ti ṣe IT

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí IT yín ń bọ̀ lọ́nà, ẹ dákun, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá parí ìdánwò kẹ́ ẹ tó máa wá ibi tẹ́ ẹ máa lọ. Iléèwé máa fún yín ní lẹ́tà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò ní bá yín wá ẹni tẹ́ ẹ máa fún. Bó bá ti ku oṣù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ti máa rìn.

SIWES ni orúkọ tí ìjọba ń pe ètò yìí. Industrial Training Fund, ìyẹn ITF tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1973, nítorí pé àwọn tó ń gboyè jáde mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò mọ irinṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ti yunifásítì. Oṣù mẹ́rin ni ti poli. Àwa tá a lọ poli tún ní òmíràn o: lẹ́yìn ND, odidi ọdún kan la fi ń ṣiṣẹ́ ká tó padà wá ṣe HND.

Orúkọ ńlá ló máa ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Gbogbo èèyàn ń wá báńkì, iléeṣẹ́ epo, iléeṣẹ́ tẹlifóònù. Èmi náà ṣe é. Nígbà tèmi, iléeṣẹ́ ńlá kan n'Ìbàdàn gbà mí, inú mi dùn débi pé mo ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun méjì. Oṣù kan kọjá, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ò ju kí n lọ ra àmàlà fáwọn ọ̀gá, kí n sì ṣe fọ́tókọ́pì. Mo bá gba lẹ́tà míì níléèwé, mo lọ sí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, níbi tí ẹni mẹ́rin péré ti ń ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti ní kí n máa to ojú ìwé fúnra mi. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi jẹun fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí mo jáde.

Torí náà, bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bi wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí làwọn tó wá ṣe IT níbí máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ta ni mo máa wà lábẹ́ ẹ̀?" Bí wọn ò bá rí ìdáhùn gidi fún yín, ẹ wá ibòmíì kún un. (Ẹ kí mégàádì dáadáa kẹ́ ẹ tó wọlé. Òun ló mọ ọ̀gá tó wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ yẹn.)

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í san nǹkan kan. Owó tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni N2,500 lóṣù, kì í sì í tètè dé. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó gbà: ẹni tó ń gbé Ìkòròdù tó fẹ́ máa lọ Island lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ bá àwọn òbí ẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó bá yín wá àyè, jìbìtì ni.

Ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa kọ logbook, kí ọ̀gá yín sì máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan máa ń jókòó sílé, wọ́n á wá wá ẹni tó máa bá wọn lu òǹtẹ̀ níparí. Ọjọ́ tí wọ́n bá dúró síwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe ni àṣírí ń tú. Ẹni tó bá sì féèlì IT, ó lè di pé kó tún un ṣe, káwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì ti gboyè lọ.

Bẹ́ ẹ bá wá a tì, ẹ lọ bá ọ́fíìsì SIWES níléèwé yín, kẹ́ ẹ béèrè àwọn iléeṣẹ́ tó ti gba akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ẹ tún wá àwọn tó ṣáájú yín tí wọ́n ń ṣe tiwọn lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n lóṣù tí wọ́n máa parí, kẹ́ ẹ sì ti fi lẹ́tà yín síbẹ̀ kí àga wọn tó ṣófo.