Tẹ́bíọ̀mù

Tẹ́bíọ̀mù ni orúkọ irin kan tó ń dán bíi fàdákà. Carl Gustaf Mosander, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1843. Orúkọ náà wá láti Ytterby, abúlé kan nítòsí Stockholm tí wọ́n ti ń wa òkúta nígbà kan rí. Abúlé yìí kan náà ni yttrium, erbium àti ytterbium ti gba orúkọ tiwọn.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ tẹ́bíọ̀mù kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń yẹ DNA wò. Bí átọ́ọ̀mù tẹ́bíọ̀mù bá pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta, ó di áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń kọ ní Tb³⁺. Áyọ́ọ̀nù yìí lè tan ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kì í lè gba ìmọ́lẹ̀ sára tó bó ṣe yẹ. Ó nílò ẹni tí yóò bá a gbà á.

Guanine, ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin DNA, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ń gba ìtànṣán ultraviolet, á sì ti agbára rẹ̀ sí tẹ́bíọ̀mù tó bá so mọ́ ọn.

Nígbà tí okùn DNA méjèèjì bá lọ́ mọ́ra dáadáa, tẹ́bíọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn. Ṣùgbọ́n níbi tí okùn bá ti tú, tàbí tí lẹ́tà méjì tó kojú síra kò bára mu, guanine á ṣí sílẹ̀, àwọ̀ ewé á sì yọ kedere. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń mọ ibi tí DNA ti yí padà, irú bíi lẹ́yìn tí cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ, bá ti so mọ́ ọn.