Àwọn Kòkòrò Tó Ń Ṣọ́ Oko

Kí oògùn apakòkòrò tó dóde ni àgbẹ̀ ti mọ̀ pé kòkòrò ń pa kòkòrò. Ìwé Ji Han ará Ṣáínà, tí wọ́n ní ó kọ ní 304, sọ nípa ọjà Jiaozhi, ní ìhà Vietnam òde òní, níbi tí wọ́n ti ń ta èèrà pupa tòun ti ilé wọn fún àwọn ológbà ọsàn. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ọparun so igi mọ́ igi kí èèrà lè máa rí ọ̀nà gbà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bẹ ọdẹ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀.

Ní 1888, onímọ̀ kòkòrò Albert Koebele lọ sí Ọsirélíà nítorí kòkòrò funfun bí òwú tó ń run ọsàn California. Kòkòrò pupa róbótó alámì dúdú ló rí tó ń jẹ ẹ́. 129 ni wọ́n kọ́kọ́ tú sábẹ́ àgọ́ kan ní Los Angeles, ọgbà ọsàn sì bọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oògùn apakòkòrò DDT pa ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí. Kòkòrò funfun bí òwú náà tún gbilẹ̀.

Iṣẹ́ tó tóbi jù lójú mi, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò kan tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni yí nínú ìyẹ̀fun ti wọ Kóńgò ní nǹkan bí 1973. Ó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, ebi sì ń wọlé tọ àwọn tí gàrí ń bọ́. Wọ́n wá ọ̀tá rẹ̀ dé Paraguay: agbọ́n tíntín kan tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Ní 1981, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí Hans Herren ṣáájú wọn, tú u sílẹ̀ n'Íbàdàn. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti tàn ká gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, kò sì sí àgbẹ̀ tó sanwó rẹ̀. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Ní 1993, Bẹ̀nẹ̀ tún gba ọdẹ mìíràn láti Brazil fún kòkòrò aláwọ̀ ewé tó ń fa omi ẹ̀gẹ́ mu. Ọ̀gọ́mọ̀ ẹ̀gẹ́ ni ọdẹ náà ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, òru ló ń jáde ṣọdẹ. Ẹ̀gẹ́ tí ọ̀gọ́mọ̀ rẹ̀ nírun ló fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá gbin irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kọ́lé fún un. Bákan náà ni nínú ọgbà ẹ̀fọ́: ọ̀pọ̀ agbọ́n kéékèèké tó ń pa kòkòrò ń mu oje òdòdó. Ẹ má já gbogbo orí ẹ̀fìnrín. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ tanná. Kí ẹ sì tó fín oògùn, ẹ ṣí ewé wò bóyá àwọn ọdẹ ti wà níbẹ̀.