Àwọn ipa ọ̀nà eré sísá ní agbègbè Ilkley

Àwọn ipa ọ̀nà eré sísá ní agbègbè Ilkley ni àwọn ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn asáré ń lò lórí pápá òkè Ilkley Moor àti ní etí odò Wharfe. Ilkley jẹ́ ìlú kékeré kan ní West Yorkshire, ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn tí ó ń gbé inú rẹ̀ tó nǹkan bí 15,000. Odò Wharfe ń ṣàn gba ìsàlẹ̀ àfonífojì kọjá, pápá òkè sì dìde ní ìhà gúúsù ìlú títí dé 402 mítà sókè ojú òkun. Ọkọ̀ ojú irin láti Leeds àti Bradford ń dé àárín ìlú. Nítorí náà, asáré lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó sì dé etí odò tàbí ẹsẹ̀ òkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ojú ilẹ̀

Ilkley Moor jẹ́ apá kan Rombalds Moor, ilẹ̀ gíga tí ó wà láàárín odò Wharfe ní àríwá àti odò Aire ní gúúsù. Igi kò pọ̀ lórí rẹ̀. Koríko líle àti igbó kúkúrú ni ó bò ó, èyí tí òdòdó rẹ̀ máa ń sọ orí òkè di aláwọ̀ àlùkò ní oṣù Ògún. Lábẹ́ ewéko wọ̀nyí ni ilẹ̀ dúdú rírọ̀ wà, tí ó jẹ́ àjẹkù ewéko tí ó ti ń kó jọ sínú omi láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá. Ilẹ̀ yìí máa ń fa omi òjò mu bíi kànrìnkàn, ó sì ń tọ́jú kábọ́ọ̀nù púpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ asáré fi máa ń rì ní àwọn ibì kan, àní nígbà tí òjò kò rọ̀. Òkúta yanrìn líle ni ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Irú òkúta yìí ni wọ́n fi ń ṣe ọlọ ní ayé àtijọ́.

Ilẹ̀ etí odò yàtọ̀ pátápátá. Ó tẹ́jú, ó kún fún pápá ìjẹko àgùntàn àti igbó kéékèèké, ọ̀nà rẹ̀ kò sì ní gígun púpọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí ìlú náà wúlò fún asáré: ẹni tí ó bá fẹ́ fún iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára yóò gun òkè, ẹni tí ó bá ń fẹ́ eré gígùn ní ìwọ̀n ìyára kan náà yóò gba etí odò.

Àwọn ipa ọ̀nà orí òkè

Ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí ó gòkè láti àárín ìlú lọ sí White Wells, ilé funfun kan tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orísun omi tútù lára òkè. Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà rékọjá odò kékeré Backstone Beck lọ sí Cow and Calf, òkúta ńlá méjì tí orúkọ wọn túmọ̀ sí "abo màlúù àti ọmọ rẹ̀". Ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ sọ pé òmìrán kan tí ń jẹ́ Rombald ń sá fún ìyàwó rẹ̀ tí inú ń bí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ àpáta náà, ọmọ sì já kúrò lára ìyá.

Ẹni tí kò bá yà sí Cow and Calf lè máa lọ sí gúúsù láti White Wells títí yóò fi dé Twelve Apostles, àwọn òkúta tí àwọn ènìyàn Ìgbà Idẹ tò yípo. Wọ́n ti to òkúta pẹlẹbẹ sí orí àwọn ibi tí ó rọ̀ ní ojú ọ̀nà yìí, kí ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò má baà fẹ ọ̀nà náà, kí ó sì ba ilẹ̀ jẹ́. Téńté òkè náà wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Twelve Apostles.

Ọ̀nà kẹta gba àfonífojì onígi tí a ń pè ní Heber's Ghyll, ó sì já sí Swastika Stone, àpáta kan tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ àmì onílà wíwọ́ sí lára. Àmì náà ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ní Jámánì tó lo irú rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tẹ̀lé etí òkè lọ sí ìhà Addingham, níbi tí asáré ti lè sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì gba etí odò padà sí Ilkley.

Àwọn ipa ọ̀nà etí odò

Ní afárá àtijọ́ Ilkley, èyí tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni Dales Way ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yìí gùn tó nǹkan bí 130 kìlómítà, ó sì parí sí Bowness ní etí adágún Windermere. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀, láti Ilkley dé Addingham, tó nǹkan bí kìlómítà 5, ó sì bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá mu. Bí asáré bá tẹ̀ síwájú, yóò dé Bolton Abbey, níbi tí àwókù ilé àwọn ẹlẹ́sìn Kristẹni ti ọ̀rúndún kejìlá wà lẹ́bàá omi.

Ní òdìkejì odò sí àárín ìlú ni igbó Middleton Woods wà. Àwọn òdòdó búlúù máa ń bo ilẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé, àwọn asáré sì ń gba inú rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le jù lórí òkè.

Ìtàn

Àwọn ará Róòmù kọ́ odi ogun sí ibi tí Ilkley wà lónìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú náà di olókìkí nítorí ìtọ́jú omi tútù: àwọn aláìsàn ń wá láti wẹ̀, láti mu omi òkè, àti láti rìn lórí pápá. Charles Darwin wà lára wọn. Ilkley ni ó wà ní oṣù Bélú ọdún 1859 nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí orísun àwọn ẹ̀yà ohun abẹ̀mí jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n la fún ìrìn àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni àwọn asáré ń lò títí di òní.

Eré sísá lórí òkè jẹ́ eré ìdárayá tí ó ti pẹ́ ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970 ni wọ́n dá Fell Runners Association sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Ẹgbẹ́ asáré ìlú náà, Ilkley Harriers, ń sáré lórí òkè àti lójú títì.

Òfin àti ìtọ́jú ilẹ̀

Ìgbìmọ̀ ìlú Bradford ni ó ni Ilkley Moor. Òfin ọdún 2000 lórí ìgbèríko àti ẹ̀tọ́ ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn láyè láti rìn àti láti sáré lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà sí ọjọ́ 31 oṣù Agẹmọ, ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn tí kò gùn ju mítà 2 lọ, nítorí pé àwọn ẹyẹ ń yé ẹyin sórí ilẹ̀ ní àkókò náà. Bákan náà ni ó rí nígbàkúùgbà tí ajá bá wà nítòsí àgùntàn.

Ní àkókò àjíǹde ọdún 2019, iná ńlá jó apá kan pápá náà. Bí ilẹ̀ dúdú náà bá gbẹ, iná lè máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ewéko kì í sì í tètè padà sípò. Lẹ́yìn iná náà, ìgbìmọ̀ Bradford fi òfin de dídá iná àti sísun ẹran lórí pápá.

Ewu àti ìmúrasílẹ̀

Orin ìbílẹ̀ tí gbogbo Yorkshire mọ̀, On Ilkla Moor Baht 'at, dá lórí ẹni tí ó lọ sórí pápá yìí láìdé fìlà, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún pé òtútù yóò pa á. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Asáré tí aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn tàbí òjò máa ń pàdánù ooru ara kíákíá bí ó bá dúró, pàápàá bí ó bá fi ẹsẹ̀ rọ́. Kùrukùru náà lè bo òkè láìrò tẹ́lẹ̀, ojúmọmọ kò sì tó wákàtí mẹ́jọ ní oṣù Ọ̀pẹ. Nítorí èyí, àwọn asáré òkè máa ń gbé aṣọ òjò, máàpù, kọ́ńpáàsì, fèrè àti oúnjẹ díẹ̀ dání. Ẹni tí ó bá wà nínú ìṣòro yóò pe 999 tàbí 112, yóò béèrè fún ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà fún àwọn adóòlà orí òkè. Ó tún yẹ láti yẹ ẹsẹ̀ wò fún eégbọn lẹ́yìn eré, nítorí pé ó lè kó àrùn Lyme ranni.

Etí odò náà ní ewu tirẹ̀. Omi Wharfe máa ń kún kíákíá bí òjò bá rọ̀ ní òkè odò. Ibi tí ó léwu jù ni Strid, lókè Bolton Abbey, níbi tí àpáta ti fún odò náà pọ̀ di tóóró tí ó fi dà bí ohun tí ènìyàn lè fò kọjá. Omi ibẹ̀ jìn, ó ti gbẹ́ abẹ́ àpáta lọ, ó sì ti gba ẹ̀mí àwọn tí ó gbìyànjú láti fò ó.

Ìmọ́tótó odò

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, apá kan odò Wharfe ní Ilkley di odò àkọ́kọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba kéde ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Àwọn ará ìlú ni ó jà fún un, nítorí omi ẹ̀gbin tí ń wọ inú odò nígbà òjò. Ìkéde náà kò sọ omi di mímọ́; ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ àyẹ̀wò omi di dandan láti oṣù Èbìbí sí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ní ọdún 2021, àbájáde àyẹ̀wò náà wà ní ìpele tí ó burú jù. Nítorí náà, asáré tí ooru bá mú lè rí omi tí ó mọ́ lójú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó mu ún, kò sì yẹ kí ó fi fọ ojú ọgbẹ́.