Irin olówó ńlá tó ń bá ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́: báwo la ṣe ń gbà á padà?

Bí a bá sọ kánún sínú ìkòkò ẹ̀wà, ẹ̀wà á tètè rọ̀. Àmọ́ kánún ti yọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣà á padà. Irú ìṣòro yìí làwọn onímọ̀ chimie ní pẹ̀lú catalyseur, ìyẹn èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ àwọn èròjà mìíràn yá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i

Àwọn kan wà tí kì í ṣiṣẹ́ àfi lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Irin ruthénium àti iridium ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Irin náà á gba ìmọ́lẹ̀ sára, á fi agbára rẹ̀ gba elétróònù lọ́wọ́ èròjà kan, á sì fún òmíràn. Kò dìgbà tí a bá dáná.

Ṣùgbọ́n irin méjèèjì ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì wọ́n gan-an. South Africa ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Bí wọ́n bá ṣẹ́kù sínú oògùn, wàhálà ni: ìlànà àgbáyé ICH Q3D sọ pé ruthénium inú oògùn àmumì kò yẹ kó ju mílígíráàmù 0,1 lọ lójúmọ́.

Ẹ so ó mọ́ ike

Ní 1963, Robert Merrifield ní Amẹ́ríkà so èròjà mọ́ hóró ike polystyrène kéékèèké tí kì í yọ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984. Ọgbọ́n kan náà la fi ń so irin mọ́ ike lónìí. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì: omi á lọ, hóró á kù. A ó fọ̀ ọ́, a ó tún un lò.

Ibi tó ti ń le

Ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú hóró dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ìmọ́lẹ̀ kan náà sì lè ba ohun tó di irin mú jẹ́, kí irin máa tú sínú omi díẹ̀díẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀? Bí iṣẹ́ bá dé ìdajì, ẹ yọ gbogbo hóró kúrò, kí ẹ dá omi nìkan padà sábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣì ń lọ, á jẹ́ pé irin ti sá jáde. Ká tún wọn irin tó wà nínú omi náà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ bi í: irin mélòó ló ṣẹ́kù lára hóró?