Àṣẹ Yíyà àti Àṣẹ Títàn: Àwòrán Ènìyàn láti Ìpatà dé Ayélujára

Nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lọ́dún 1978, Stephen Sprague ṣàlàyé pé fọ́tò tí àwọn Yorùbá ń yà, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún, ń fi iyì àti ipò ẹni hàn: onítọ̀hún á wọ aṣọ ńlá, á kọjú sí kámẹ́rà, á gbé ọwọ́ lé itan. Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n ìjókòó ló gbà á lọ́kàn ju ibi tí àwòrán ń gbà lọ, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àṣẹ méjì ló rọ̀ mọ́ àwòrán ènìyàn. Èkíní ni àṣẹ yíyà, ìyẹn ìyọ̀ǹda kí ẹ̀rọ gba ojú ẹni. Èkejì ni àṣẹ títàn, ìyẹn ìyọ̀ǹda kí ojú náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Láyé fọ́tò orí ògiri, méjèèjì jọ ń rìn ni, nítorí ẹni tó bá wọ pálọ̀ nìkan ló ń rí i, onílé sì lè já a sílẹ̀ nígbàkígbà. Sprague fúnra rẹ̀ ròyìn fọ́tò ìbejì tí ọ̀kan ti kú, tí ayàwòrán ya èyí tó kù, tó sì tẹ fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì kí méjèèjì lè dà bí ẹni jókòó pọ̀. Bí olóògbé bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀mejì, á wọ aṣọ obìnrin fún ti ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn ará ilé mọ ohun tí wọ́n ń wò. Bí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí Facebook lónìí, àlejò á kí ìyá wọn kú oríire ọmọ méjì, kò sì ní mọ̀ pé ọgbẹ́ lòun ń tẹ̀.

Ní ọjà Ìpatà, Ìlọrin, aláta tó rẹ́rìn-ín sí fóònù oníbàárà rẹ̀ ti fún un ní àṣẹ yíyà. Kò tíì gbà kí ojú òun di ohun tí wọ́n ń fi ṣàwàdà ọ̀wọ́n ọjà lórí WhatsApp. Àwọn tó ń pè é ní ẹni tí kò mọ ayélujára lò ṣì í mú: ẹni tó fi ìborùn bojú nígbà tí fóònù dìde ti lóye ju ọ̀mọ̀wé tó di fóònù náà mú lọ. Ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí nílùú náà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ẹni tó wẹ òkú bo àléébù tó bá rí: àṣẹ láti rí kì í ṣe àṣẹ láti tàn. Àwọn kan á ní títàn láìgbàṣẹ máa ń wúlò, wọ́n á tọ́ka sí ìdigunjalè báńkì ní Ọ̀fà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, nígbà tí ọlọ́pàá tan àwòrán àwọn afurasí kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ní aláṣẹ àti ìdí.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 mọ ìyọ̀ǹda, ó sì gbà kí ẹni tó fún ni gbà á padà, àmọ́ ó yọ ohun tí ènìyàn ṣe fún ara rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ nìkan sílẹ̀, bí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíràn lójú. Ó ṣeé ṣe kí àwọn amòfin jiyàn lórí ibi tí ilé parí sí. Ṣùgbọ́n sítátọ́ọ̀sì WhatsApp tí gbogbo oníbàárà ń wò kì í ṣe inú ilé. Kí àwọn aṣòfin kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú òfin.